Kásẹ́ẹ̀tì Tí Kò Lórúkọ Lára

Òjò ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Òjò oṣù kẹfà rọ̀ títí, ó rí ihò lára páànù ilé Pápá Ògúnjìmí ní Ìsọlọ̀, omi sì kán wọ yàrá tí olóògbé náà kó gbogbo orin rẹ̀ sí. Ìyàwó rẹ̀, Màmá Beatrice, tí àdúgbò ń pè ní Ìyá Ṣíjúadé, ló tẹ ọmọ rẹ̀ láago pé kó yáa wá kó ẹrù bàbá rẹ̀ kí omi tó gbé e lọ.

Ṣíjúadé nìkan lọmọ ilé náà. Ó ti lé lógójì ọdún. Àjàó Estate lòun àti Ọmọ́bọ́lájí ọkọ rẹ̀ ń gbé, ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù ní pápákọ̀ òfuurufú ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó dé Ìsọlọ̀ lọ́jọ́ Sátidé yẹn, tó ti ilẹ̀kùn yàrá náà, òórùn páálí tó ti rin gbingbin ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Pápá kì í ṣe olówó. Iṣẹ́ iná mànàmáná ló ṣe nílé-iṣẹ́ tó ń hun aṣọ, títí wọ́n fi ti ibẹ̀ pa. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí ọkùnrin náà mú ọ̀kan nínú ẹran àti àwo orin, àwo orin ni yóò mú, yóò sì fi omi ọbẹ̀ lásán jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwo ńláńlá wà níbẹ̀ tí bébà ara wọn ti ń ṣí kúrò, kásẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀ bí ẹní da yanrìn: àpàlà, sákárà, jùjú, háìláìfù, orin ìjọ, títí kan orin àwọn ará Kóńgò tí kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè wọn nínú ilé. Pápá ò tò wọ́n. Òun nìkan ló mọ ibi tí kálukú wà, ó sì ti mú ìmọ̀ yẹn dání lọ sọ́run.

Ṣíjúadé kó gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, ó gbé e lọ sí Àjàó Estate. Ọmọ́bọ́lájí rò pé ó fẹ́ kó wọn dànù ni. Àfi bó ṣe rí i tí ìyàwó rẹ̀ ń fi aṣọ rírọ̀ nu àwo lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń tò wọ́n sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ yẹ́yẹ́, tó sì ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń tu ọmọ nínú. Ìgbà tó bi í léèrè, obìnrin náà ní òun máa kó gbogbo orin yẹn sínú kọ̀ǹpútà, kí òjò kankan má tún lè bá wọn jà mọ́ láé, kí ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ̀kan kàn tẹ orúkọ rẹ̀, kó sì gbọ́ ọ.

Iṣẹ́ náà ju bó ṣe rò lọ. Ó wá ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì àlòkù kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ó fi waya so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó ń fi òwú àti sípíríìtì nu ẹnu ẹ̀rọ náà kí ìdọ̀tí má bàa jẹ́ kí ohùn máa fàya. Kásẹ́ẹ̀tì tí okùn inú rẹ̀ bá ti tú, bírò ló fi ń yí i padà díẹ̀díẹ̀. Orin kì í sì í kánjú: bí kásẹ́ẹ̀tì bá gùn tó wákàtí kan, wákàtí kan gbáko náà ló máa fi wọnú kọ̀ǹpútà, èèyàn ò lè tì í lẹ́yìn. Tó bá wọlé tán, á gé orin kan kúrò lára èkejì, á kọ orúkọ akọrin, orúkọ orin, ọdún tó jáde àti irú orin tó jẹ́, á ya fọ́tò ara páálí rẹ̀ mọ́ ọn, á wá jù ú sínú fódà tó yẹ ẹ́. Á tún ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú háàdì kékeré kan tó ń tọ́jú sínú àpótí aṣọ, torí kọ̀ǹpútà náà máa ń kú bí èèyàn. Nígbà tó yá, Ọmọ́bọ́lájí fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbádùn rẹ̀. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kó tó bọ́ bàtà, á dárúkọ orin kan tí wọ́n ń kọ nígbà tó wà ní kékeré, kó sì tó jókòó, orin náà á ti máa dún nínú pálọ̀.

Lọ́sàn-án Sọ́ńdè kan, tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ló kan agolo mílíìkì kan tó wà nísàlẹ̀ páálí. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, wọ́n fi ọ̀rá wé e, wọ́n sì tún fi rọ́bà dè é lórí ọ̀rá náà. Omi òjò ò kàn án. Ẹni tó wé e ti mọ̀ pé òun ń pa nǹkan mọ́. Ṣíjúadé yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, kò rí orúkọ kankan lára rẹ̀, kò rí ọdún, kò rí nǹkan kan. Ó tì í bọ ẹ̀rọ, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì bu ẹ̀pà sọ́wọ́ pé kóun máa jẹ ẹ́ lọ.

Ariwo àwo oúnjẹ ló kọ́kọ́ dún, ajá kan gbó lọ́ọ̀ọ́kán, lẹ́yìn náà ni gìtá bẹ̀rẹ̀, gìtá nìkan, láìsí ìlù. Ohùn obìnrin kan wá wọlé. Kò pariwo, kò sì wá bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n yìn ín. Ó kàn wá bí omi ṣe ń wá:

*Reluwé, dúró dè mí o,*
*ẹrù mi ò pọ̀,*
*ìrètí nìkan ni mo gbé dání.*

Ẹ̀pà tó wà lẹ́nu Ṣíjúadé, kò rántí jẹ ẹ́ mọ́. Ọmọ́bọ́lájí jáde látinú yàrá, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó béèrè ẹni tó ń kọrin. Ìyàwó rẹ̀ ní òun ò mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin náà fetí sí i títí ó fi parí, ó wá ní ó jọ ohùn Ṣíjúadé fúnra rẹ̀ nígbà tó bá ń dá kọrin nílé ìdáná tí kò mọ̀ pé ẹnì kan ń gbọ́. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní kó lọ sinmi.

Ó gé orin náà síbi tó parí sí, ó sì fẹ́ kọ orúkọ sí i. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ó gbé fóònù tó máa ń dá orin mọ̀ sí i létí, fóònù ní òun ò mọ̀ ọ́n. Ó gé díẹ̀ níbẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó fẹ́ràn orin àtijọ́ lórí wáásáàpù, àwọn àgbàlagbà tó jẹ́ pé bí gìtá bá dún lẹ́ẹ̀kan wọn á ti dárúkọ ẹni tó ń ta á. Wọ́n fọ̀rọ̀ náà lọ̀ ara wọn títí, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan ní bóyá ọmọ Ẹ̀gbá ni, torí bó ṣe ń pe ọ̀rọ̀. Ibi tó mọ sí nìyẹn.

Ló bá rántí Bàbá Àìná. Ọ̀rẹ́ Pápá ni, òun ló ń ta àwo orin fún un ní Òṣòdì láyé ọjọ́un, kí wọ́n tó wó àwọn ṣọ́ọ̀bù ìgbà náà. Ó ti darúgbó báyìí, ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ṣọ́ọ̀bù ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ta ohun èlò fóònù nítòsí gáréèjì ló máa ń jókòó sí látàárọ̀. Ṣíjúadé yà síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì ṣàlàyé pé òun ń wá orúkọ akọrin kan. Ó fi ìgbọ́rọ̀ fóònù sí bàbá náà létí méjèèjì.

Bàbá Àìná ń mi orí sí gìtá náà tẹ̀rín-tẹ̀rín. Bí obìnrin yẹn ṣe la ẹnu, orí rẹ̀ dúró. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n pa iná. Ó yọ ìgbọ́rọ̀ náà létí, ó kọ ojú sí ibi tí Ṣíjúadé wà, ó sì béèrè bóyá màmá rẹ̀ ti gbọ́ ọ. Ṣíjúadé ní rárá.

“Ohùn ìyá ẹ nìyẹn,” bàbá náà wí. “Lọ bá màmá ẹ nílé. Ọ̀rọ̀ tó kù, ẹnu mi kọ́ lo ti máa gbọ́ ọ.”

Ó sì kọ̀ jálẹ̀, kò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lé e.

Bí Ṣíjúadé ṣe gun orí afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Òṣòdì lọ́jọ́ yẹn, kò lè sọ. Èrò ń kọlù ú lọ́tùn-ún lósì, kò mọ̀ ọ́n lára. Màmá? Màmá tí ohùn rẹ̀ gbẹ bí ewé àgbàdo, tí ẹ̀rín rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, tó máa ń sọ fún Pápá pé kó yí rédíò yẹn sílẹ̀? Òun ló kọrin tó mú kí ẹ̀pà dúró sí èèyàn lẹ́nu? Ẹnu yà á débi pé ó ń dá rẹ́rìn-ín. Ó ń rò ó pé òun ti gbé pẹ̀lú obìnrin yìí láti kékeré, òun ò mọ̀ ọ́n. Ìyàlẹ́nu náà dùn mọ́ ọn. Ó wọ ọkọ̀ Ìsọlọ̀ tààrà, kò tilẹ̀ pe ọkọ rẹ̀.

Ó bá Màmá lórí ìjókòó kékeré níwájú ilé, tó ń ṣa ẹ̀wà. Ó kí i, ó jókòó tì í, ó gbé ẹ̀rín pamọ́ sẹ́nu, ó gbé fóònù sórí àpótí tó wà láàrin wọn, ó sì tẹ orin náà.

Ọwọ́ Màmá dúró nínú ẹ̀wà. Kò gbójú sókè. Gbogbo ara rẹ̀ dá wáí, ó dà bí ẹni tí wọ́n gbẹ́ sí ibẹ̀. Nígbà tí ohùn náà dé ibi tó ti ní kí reluwé dúró de òun, atẹ ẹ̀wà bọ́ nítan rẹ̀, ẹ̀wà sì fọ́n káàkiri sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Pa á,” ó wí.

“Màmá, ẹ̀yin lẹ mọ orin kọ báyìí tẹ́ ò sọ fún wa?”

“Mo ní kí o pa á, Ṣíjúadé.”

Ó pa á. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan kọjá, adìyẹ aládùúgbò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà tó dà sílẹ̀ jẹ, Màmá ò lé e. Ó wá béèrè ibi tí Ṣíjúadé ti rí i. Ìyẹn ṣàlàyé agolo mílíìkì, ó ṣàlàyé Bàbá Àìná, ó ní bàbá náà sọ pé ohùn ìyá òun ni.

Màmá fi ìṣẹ́tí ìró rẹ̀ nu ọwọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ náà ò tutù.

“Bàbá Àìná ò parọ́,” ó wí. “Ohùn ìyá ẹ ni. Àmọ́ kì í ṣe ohùn tèmi.”

Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó wọlé. Ṣíjúadé gbọ́ ọ, ó mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀, síbẹ̀ kò rí ibi tó máa gbé e sí. Ó kọ́kọ́ rò pé àgbà ti ń dé, pé Màmá ti ń ṣarán. Ó wo ojú rẹ̀, ó sì rí i pé kò sí nǹkan kan tó ṣe ojú náà.

Màmá sọ ọ́ láìdúró, bí ẹni tó gbé ẹrù wúwo tó fẹ́ tètè sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Àbúrò òun ni, ọmọ ìyá àti bàbá kan náà. Tẹ́júọlá lorúkọ rẹ̀. Láti Ìtòrì ni wọ́n ti rán an wá bá òun àti Pápá gbé ní Mushin, pé kó wá kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìránṣọ ò bá a lára mu, orin ló wù ú. Ó ń bá ẹgbẹ́ olórin kan kọrin ní hòtẹ́ẹ̀lì, ọ̀dọ́kùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Diamond ló ń ta gìtá fún wọn. Oyún dé. Diamond ní òun ń bá ẹgbẹ́ lọ sí Kùtọnú, pé òun ò ní pẹ́ dé. Ẹni tó lọ náà ò padà mọ́. Nígbà tí Tẹ́júọlá bímọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò dá. Kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé, ó ti kú, wọ́n sì gbé òkú rẹ̀ lọ sin sí Ìtòrì.

“Mo ti pẹ́ nílé ọkọ nígbà yẹn, mi ò rí ọmọ bí,” Màmá wí. “Wọ́n gbé ìwọ lé mi lọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú rẹ̀. A kó kúrò ní Mushin, a wá síbí tẹ́nikẹ́ni ò ti mọ̀ wá. Àwọn èèyàn bá wa yọ̀, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.”

Ṣíjúadé béèrè ìdí tí wọn ò fi sọ fún òun.

“Kí n sọ kí ni?” Màmá gbójú sókè wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́. “Kí n wí fún ọmọ tó ń sáré bọ̀ wá pè mí ní Màmá pé èmi kọ́? Mi ò jí ẹ gbé. Mi ò rà ẹ́. Mo gbé ẹ pọ̀n ni. Tó o bá ń dúró kí n tọrọ àforíjì, o máa dúró pẹ́.”

Ó ní Pápá fẹ́ sọ ọ́ nígbà tí Ṣíjúadé ń lọ sí yunifásítì. Wọ́n jà sí i. Òun ní kí Pápá dáná sun kásẹ́ẹ̀tì náà, Pápá sì dáná lẹ́yìnkùlé lóòótọ́, òun fojú ara òun rí èéfín. Kò sí ìgbà kankan tóun rò pé òun tún lè gbọ́ ohùn àbúrò òun láyé yìí. Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀, ó fi ìṣẹ́tí ìró bo ojú. Ṣíjúadé wá rí i pé òun nìkan kọ́ ni nǹkan já lù lójijì níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò lè dúró. Ó dìde, ó mú báàgì rẹ̀, ó jáde sí títì. Ó dé Àjàó Estate kó tó mọ̀ pé bàtà tirẹ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ òsì, sílípáàsì Màmá ló wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún.

Láti ọjọ́ náà, kò tan kọ̀ǹpútà yẹn mọ́. Àwo orin ń gba eruku nínú pálọ̀. Níbi iṣẹ́, ó fi ẹrù oníẹrù ránṣẹ́ sí ibòmíì, irú àṣìṣe tí kò ṣe rí. Nílé, ó máa ń dúró níwájú dígí títí, ó ń wo imú rẹ̀, ó ń wo etí rẹ̀, ó ń wá ẹni tó ni wọ́n. Ohun tó ń dùn ún jù ni pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń sunkún ẹni tó ti kú kéèyàn tó mọ̀ ọ́n. Omijé fẹ́ wá, kò rí ojú ẹni tó máa bọ́ fún. Ọmọ́bọ́lájí ní kó má wulẹ̀ bínú, pé ẹlòmíì ò ní ìyá kan, ìyàwó òun ní méjì. Ọ̀rọ̀ náà bí i nínú débi pé kò bá a sọ̀rọ̀ di ọjọ́ kejì, ọkùnrin náà sì jẹ́wọ́ pé òun ò mọ ohun tóun ń sọ ni. Màmá ń pè é lórí fóònù. Kò gbé e.

Àárọ̀ Sátidé kan ni wọ́n kan ilẹ̀kùn. Màmá ló dúró síbẹ̀, òun nìkan, tó wọ kẹ̀kẹ́ wá láti Ìsọlọ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún. Gèlè rẹ̀ wọ́. Kò kí ẹnikẹ́ni lọ títí.

“Mo wá gbọ́ ọ tán,” ó wí. “Mi ò jẹ́ kó parí lọ́jọ́ yẹn.”

Ṣíjúadé fà á wọlé, ó mú un jókòó sórí àga, ó tan kọ̀ǹpútà. Dípò orin tó ti gé, odindi ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì náà ló ṣí, láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbọ́ àwo, wọ́n gbọ́ ajá, wọ́n gbọ́ gìtá. Màmá di ẹsẹ̀ àga mú. Nígbà tí Tẹ́júọlá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, ó di ojú, omijé sì gba abẹ́ ìpéǹpéjú rẹ̀ jáde láìdún. Ó ní ọwọ́ Diamond lèyí tó wà lára gìtá yẹn.

Orin náà parí. Ibẹ̀ ni Ṣíjúadé gé e sí tẹ́lẹ̀, torí ó rò pé òfìfo ló kù. Lọ́jọ́ yìí, ọwọ́ rẹ̀ ò kan nǹkan kan, kásẹ́ẹ̀tì náà sì ń lọ. Wọ́n gbọ́ tí gìtá kan ilẹ̀. Wọ́n gbọ́ ẹ̀rín Pápá, ẹ̀rín ọ̀dọ́ tí kò tíì ní ikọ́ nínú. Lẹ́yìn náà, ohùn obìnrin mìíràn dún láti ọ̀nà jíjìn díẹ̀, bí ẹni tó wà nílé ìdáná:

“Tẹ́júọlá, orin ò ní sá lọ. Wá jẹun. Ẹni méjì lò ń bọ́.”

Màmá la ojú. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ohùn tirẹ̀ ni.

Akọrin náà rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá. Ó ń tapá. Orin yìí ló fẹ́ràn. Ẹ gbé ọwọ́ yín wá kẹ́ ẹ gbé e lé e.”

Ìṣísẹ̀ dún. Gbogbo rẹ̀ wá dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ tó gùn, tó jẹ́ pé mímí wọn nìkan lèèyàn ń gbọ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn kejì yẹn bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kèékèé tí Ṣíjúadé ò gbọ́ lẹ́nu Màmá rí láyé rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì náà wá tán.

Ṣíjúadé wo ẹ̀rọ náà. Ó wo ikùn ara rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ tó ti ń wá orúkọ àwọn tó wà nínú orin yẹn, òun náà wà níbẹ̀. Òun ló ń tapá. Ọwọ́ tó wà lórí òun nígbà náà ni ọwọ́ tó di ẹsẹ̀ àga mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun yìí.

“Mo ti gbàgbé,” Màmá ń wí lábẹ́ ohùn. “Ọlọ́run ọba, mo ti gbàgbé pé mo gbọ́wọ́ lé e.”

Wọn ò dìrọ̀ mọ́ra. Ṣíjúadé kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Màmá, ó sì gbé orí lé orúnkún rẹ̀, èyí tí kò dùn ún. Ọmọ́bọ́lájí wọlé, ó wò wọ́n, ó padà síta. Nígbà tó yá, òun ló dábàá pé kí wọ́n gbé orin náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bóyá ẹnì kan á mọ ibi tí Diamond wọlẹ̀ sí. Ṣíjúadé ní kó ṣì fi í sílẹ̀ ná, pé èyí tóun ti gbọ́ ò tíì wọ òun lára tán.

Ìtòrì ló fẹ́ lọ. Kò dé ibẹ̀ rí. Gbogbo ìgbà ọlidé, ìlú Pápá ní Ìjẹ̀bú ni wọ́n máa ń lọ, ìgbàkigbà tó bá sì béèrè ìlú Màmá, wọ́n á ní ọ̀nà ò dáa. Wọ́n jọ lọ lọ́jọ́ ìsinmi kan, òun àti Màmá. Ọ̀nà dáa.

Ilé tí wọ́n bí Màmá àti Tẹ́júọlá sí ò jìnnà sí ojú irin. Ìyá àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Salimat jókòó níwájú rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ṣíjúadé ti to ọ̀rọ̀ tó máa sọ sẹ́nu láti Ìfọ̀: orúkọ rẹ̀, ibi tó ti wá, bó ṣe gbọ́, àti pé kó má yà wọ́n lẹ́nu. Kò rí àyè sọ ọ́. Ìyá náà gbójú sókè, ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ ò tilẹ̀ kúrò lára ẹ̀gúsí.

“Ọmọ Tẹ́júọlá,” ó wí, “o dé? Báwo lọ̀nà?”

Ṣíjúadé dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Ó yíjú sí Màmá, Màmá ń wo ojú irin. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde látinú yàrá, wọ́n ń kí i, wọ́n ń béèrè ọkọ rẹ̀. Ẹnì kan ní àwọn dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tó wọ yunifásítì. Gbogbo agbo ilé náà ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Àwọn tí kò rí rí ló ní ìtàn rẹ̀ lọ́wọ́, tí òun alára kò ní.

Ìyá Salimat nawọ́ sí abẹ́ igi ọsàn tó wà lẹ́yìnkùlé. “Ibẹ̀ yẹn ni. Lọ kí i.”

Màmá ò tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n kì í lọ wo sàréè àbúrò. Ó jókòó ti Ìyá Salimat, ó fa abọ́ ẹ̀gúsí mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a bó o. Ṣíjúadé nìkan ló gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá lọ sẹ́yìnkùlé, kò sì mọ ohun tí wọ́n ń kọ́kọ́ sọ fún ìyá ẹni.